Ìṣó Lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí òòlù kékeré bá ń dún lára igi nílé aládùúgbò mi níbi tí mo wà yìí, ibi tí mo ní n ó ti lo ìgbà díẹ̀ tí mo wá darúgbó sí, ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà ni ọkàn mi máa ń padà sí. Kì í sì í ṣe Káfíńtà fúnra rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rí. Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí ìyá wa, ni ìyàwó Káfíńtà. Ọkọ ló ń gé igi, tó ń kan férémù àga. Ìyàwó ló ń fi aṣọ tàbí awọ bò ó. Èmi tí mo jẹ́ àbúrò ìyàwó ni mo ń gé fóòmù tí mo sì ń ki tìmùtìmù. Kò sí ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù náà ju àwa mẹ́ta lọ, àfi eruku igi.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àga bíbò yóò mọ̀ pé ọwọ́ méjì kì í tó o. Ọwọ́ òsì ni yóò fa aṣọ le kankan, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni yóò mú òòlù. Ta ni yóò wá mú ìṣó? Ẹnu ni. Ẹ̀gbọ́n mi a bu ìṣó wẹ́wẹ́ sẹ́nu bí ẹni bu ẹ̀pà. Ahọ́n rẹ̀ ni yóò máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò yí orí ìṣó síta, tí yóò tì í wá sórí ètè. Òòfà wà lórí òòlù rẹ̀, ó ń fa irin. Ó kàn máa gbé e kan ètè báyìí ni, ìṣó á lẹ̀ mọ́ ọn, á di ara igi: pá. Ètè, igi. Ètè, igi. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ. Bí oníbàárà bá bi í ní ọ̀rọ̀ lásìkò yẹn, á gbé òòlù sókè pé kó dúró, á pa àwọn ìṣó ẹnu rẹ̀ tán lára igi, kó tó wí pé, "Ẹ kú àtàárọ̀ o, kí lẹ ní ẹ wí?"

Àpótí Ìṣó ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Kì í bínú sí i.

Ó dà bí ẹni pé Ẹlẹ́dàá ti gbẹ́ ẹnu náà sílẹ̀ de iṣẹ́ ọ̀hún. Láti kékeré ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti yọ síwájú ju ti òkè lọ, tí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá tẹ́ bíi pẹpẹ. "Pẹpẹ ni mo fẹ́ níyàwó," ni Káfíńtà máa ń wí fún àlejò. "Ìdí nìyí tí mi ò fi kan òmíràn sílé." Ẹ̀gbọ́n mi yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife yín lé e, kẹ́ ẹ yé sọ̀rọ̀."

Ṣùgbọ́n ohun tó ń fúnni lọ́tùn-ún máa ń gbà lósì. Eyín iwájú rẹ̀ kì í pàdé. Kò lè fi eyín gé búrẹ́dì, ọwọ́ ló fi ń ya á. Kò sì lè já òwú. Ẹni tó ń ránṣọ látàárọ̀ dalẹ́ tí kò lè fi eyín já òwú! Bó bá rán etí tìmùtìmù kan tán, tí àlùmọ́gàjí sì jìnnà sí i, á pè mí: "Àbúrò, wá fi eyín rẹ ṣe mí lóore." Èmi a bẹ̀rẹ̀, n ó já a. Ó máa ń wo ẹnu mi nígbà náà bí ọmọdé ṣe ń wo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́.

Nígbà tó yá, oríkèé tó so àgbọ̀n mọ́ orí, lábẹ́ etí méjèèjì, bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bó bá jẹun tán, orí á máa fọ́ ọ. Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà egungun ojú ní ọsibítù ńlá. Dókítà ní àwọn lè gé egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí àwọn tì í sẹ́yìn, kí àwọn fi irin pẹlẹbẹ àti sikurúù dì í, kí eyín lè pàdé.

Káfíńtà tẹ́tí sí i dáadáa. Ó ní, "Ẹ gé e, ẹ tì í, ẹ fi sikurúù dì í. Dókítà, iṣẹ́ mi gan-an lẹ ń ṣe. Àmọ́ igi tèmi kì í mọ̀ pé wọ́n gé òun."

"Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn," ni dókítà dá a lóhùn. Ó ní iṣan kan gba inú egungun náà kọjá bí wáyà iná ṣe ń gba inú ògiri, pé òun ló ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n. Ó ní iṣan náà lè fara gbọgbẹ́. Ó ní oríkèé náà sì lè má tètè gba ipò tuntun. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́.

Nígbà tí a délé, Káfíńtà ní kí ìyàwó òun rò ó dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti rò ó láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọdé. Ó ní, "Mo fẹ́ já òwú kí n tó kú."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó padà wálé pẹ̀lú ojú tó wú bíi tìmùtìmù tí mo ki jù, rọ́bà kéékèèké ni wọ́n sì fi so eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ohun tó ṣeé fà mu nìkan ló ń wọlé. Kò lè sọ̀rọ̀. Òòlù rẹ̀ ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀: tó bá kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni; lẹ́ẹ̀mejì, rárá. Káfíńtà rí àyè. Gbogbo ìtàn tí ìyàwó rẹ̀ ti já mọ́ ọn lẹ́nu láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra ló mú jáde. Yóò sọ̀rọ̀ títí, pá pá yóò dún lórí tábìlì, èmi yóò sì máa rẹ́rìn-ín nínú fóòmù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú rọ́bà náà, kò béèrè oúnjẹ. Òwú ló béèrè. Ó na òwú láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e sáàárín eyín, ó sì pa ẹnu dé. Òwú já. Ó tún já òmíràn. Ó já òwú títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀, Káfíńtà sì ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ó tó, ṣẹ́ díẹ̀ kù fún wa, àga ṣì ń bẹ nílẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rẹ́rìn-ín ni mo rí i pé ẹyọ òwú kan lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n rẹ̀. Mo dúró kó yọ ọ́ kúrò. Kò yọ ọ́. Kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Bí a ṣe mọ̀ nìyẹn.

Ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n rẹ̀ ti kú. Ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n fún èèyàn lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín, àmọ́ tí abẹ́rẹ́ náà kọ̀ tí kò ṣá. "Bí ètè ẹlòmíràn ni," ó ní, "tí wọ́n yá mi, tí olówó rẹ̀ ò sì wá gbà á." Tíì máa ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ lọ sí ọrùn, aṣọ tó bá tutù ló máa ń sọ fún un. Oríkèé apá ọ̀tún ń dún kẹ̀, kẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti yẹ̀. Nígbà míì ó máa há, kò ní ṣeé yà, kò ní ṣeé pa dé, a ó kàn máa wò ó títí yóò fi yọ. Ṣíbí kékeré tí wọ́n fi ń fún ọmọ jòjòló lóúnjẹ ló ń lò.

Ìṣó kò wọ ẹnu rẹ̀ mọ́. Ta ni yóò fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó sí ibi tí kò ti ní mọ̀ bó bá gún un?

Dókítà ní kó fi sùúrù sí i. "Iṣan yẹn ò já, ó fara gbọgbẹ́ ni. Ó lè jí. Láràárọ̀, ẹ dijú, kí ẹnìkan máa fi òwú kan ètè yín, kẹ́ ẹ máa sọ ibi tó ti kàn yín. Bí ọdún yìí bá ń lọ sópin tí ẹ ò rí àyípadà, ẹ tètè wí. A lẹ́ni tó lè ṣí ibẹ̀ kó tún iṣan náà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ó pẹ́. Iṣan tó bá sùn jù kì í gbọ́ ìpè mọ́." Ní ti oríkèé, ó ní kó máa fi aṣọ gbígbóná jó o, kó sì máa to igi pẹlẹbẹ sáàárín eyín, bí iye kan bá ti rọrùn, kó fi ẹyọ kan kún un, díẹ̀díẹ̀ ni ẹnu yóò fi máa yà.

"Igi?" Káfíńtà dìde. "Dókítà, ẹ fi ti igi sílẹ̀ fún èmi."

Òun náà ló gba iṣẹ́ òwú. Láràárọ̀ kí a tó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n mi yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, yóò dijú, yóò gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá irùngbọ̀n fún. Káfíńtà yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú òwú lọ́wọ́. Láti ìdí fóòmù ni mo ti máa ń gbọ́ wọn.

"Níbo?"

"Ọ̀tún."

"O gbà á. Níbo?"

"Àárín... àbí òsì?"

"Mú ọ̀kan."

"Òsì."

"O gbà á. Orí rẹ pé lónìí."

Lẹ́yìn náà ni igi pẹlẹbẹ, tí Káfíńtà gbẹ́, tó fá, tó dán bí eyín ọmọdé. Ó ń kó wọn sínú agolo. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, igi tó ń wọ ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ń pọ̀ sí i. Ó ń lọ sọ́dọ̀ dókítà lóòrèkóòrè, ó ń ròyìn fún un, dókítà sì ń kọ ọ́ sínú ìwé láìdán an wò fúnra rẹ̀, nítorí èrò pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Dókítà ń dunnú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ iye igi tó ń gbà báyìí, dókítà ní, "A jẹ́ pé a ò ní nílò ọ̀bẹ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ara ṣe iṣẹ́ rẹ̀." Ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ọ̀rọ̀ náà.

Lásìkò yẹn, iṣẹ́ ńlá kan wọlé. Gbọ̀ngàn ìpàdé kan fẹ́ ká tún gbogbo àga rẹ̀ bò. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á. Ó ní kí iṣẹ́ náà tó gbóná, òun yóò ti padà máa di ìṣó mú. Ní gbogbo ìgbà yẹn, inú abọ́ ló ti ń fi ọwọ́ ṣa ìṣó. Bó bá nawọ́ sí abọ́, aṣọ á dẹ̀. Bí aṣọ bá dẹ̀, á tú u, á tún un fà. Àga tó ń bò láàárọ̀ kan tẹ́lẹ̀ ń gbà á lọ́jọ́ kan gbáko. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, á fara ti ògiri, á na ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo rí i pé tíì ṣì ń ṣàn sí i lọ́rùn. Mo rí i pé ṣíbí ọmọdé náà kò tíì yí padà. Mo rò pé bí ara ṣe ń padà bọ̀ sípò nìyẹn. Kí lèmi mọ̀ ju fóòmù lọ?

Lọ́jọ́ kan, Káfíńtà jí lọ sílé ìlagi láti lọ ṣa pákó. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ìṣe rẹ̀, ó dijú. "Àbúrò, wá bá mi ṣe é. A ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan."

Mo mú òwú. Mo fi kan ètè rẹ̀ lápá òsì.

"Ọ̀tún," ó wí.

Mo rò pé mi ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo fi kan àárín.

"Òsì." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ti dá ara rẹ̀ lójú. "Kí ló dé tí o ò sọ pé mo gbà á? Káfíńtà máa ń sọ ọ́."

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò pátápátá. Mo dúró.

"Ọ̀tún," ó wí. Nígbà tó yá: "Ọ̀tún, àbí?"

"Ẹ̀gbọ́n," mo wí, "mi ò tíì fọwọ́ kàn yín."

Ó la ojú. Ó wo òwú náà lọ́wọ́ mi, tó jìnnà sí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Àwọn ti àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Ẹ ṣì wọ́n."

"Méjèèjì?"

"Méjèèjì, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máà bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí ọ fún?"

Ó nawọ́ mú agolo igi, ó dà á sórí bẹ́ǹṣì. Ọwọ́ tó mọ bí aṣọ àti awọ ṣe nípọn tó láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀. Ó mú igi kan láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, ó fi í sílẹ̀, ó mú òmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n. "Èyí nípọn bí awọ màlúù," ó wí. "Èyí bí aṣọ kóòtù. Èyí bí aṣọ ìbora." Ó gbé èyí tó kẹ́yìn sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. "Wo èyí. Aṣọ fèrèsé ni. Ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á kọjá." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, oríkèé apá ọ̀tún há mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ gbá a mú títí ó fi dún kẹ̀.

Igi ń pọ̀ sí i, ẹnu kò yà sí i. Káfíńtà ti ń fá wọn tín-ín-rín.

Nígbà tó wọlé pẹ̀lú pákó léjìká, ohun tó kọ́kọ́ rí ni igi pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n tò láti orí èyí tó nípọn jù dé orí èyí tó fẹ́lẹ́ jù. Ó sọ pákó kalẹ̀. Kò bọ́ fìlà. Ó jókòó.

"Káfíńtà," ni ẹ̀gbọ́n mi pè é.

"Aya mi."

"Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ó dán o."

Káfíńtà wò mí. "Àna mi, o ò lè sọ pé ó gbà á?"

"Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ ń ṣe é," ni mo dá a lóhùn.

"Ẹ fi àbúrò mi sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Láti ìgbà wo?"

Káfíńtà ń fi èékánná ha orí orúnkún rẹ̀. "Ó ti pẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o ṣì í, o rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì o ṣì í, o dákẹ́. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, kí n tó gbé òwú sókè rárá, ojú rẹ tí o dì ti ń bẹ̀ mí. Mo ní kí n fi ọjọ́ kan péré tù ọ́ nínú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, o ti wá jókòó, o ń yọ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà lọ́wọ́ èèyàn."

"Igi ńkọ́?"

"Irọ́ ò lè fi ẹsẹ̀ kan dúró. Mo ní láti kan èkejì mọ́ ọn."

Bí kì í bá ṣe ojú ẹ̀gbọ́n mi tí mo rí, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Kò pariwo. Kò ní àgbọ̀n tó lè fi pariwo. Ó ní, "Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu yín ni, Káfíńtà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni." Ó dìde, ó lọ dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn kan tí a kò tíì bò, lórí sípíríǹgì ìhòòhò, ó kọ ojú sí ẹ̀yìn àga.

Láti ọjọ́ yẹn, òòlù ló tún fi ń bá Káfíńtà sọ̀rọ̀. Káfíńtà á ní, "Ṣé kí n bá ọ gbé omi gbígbóná wá?" Pá, pá. "Ṣé kí n tẹ̀ lé ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà?" Káfíńtà á dúró, á ti téèpù tó fi ń wọn igi sínú àpò, á tún yọ ọ́. Ó pẹ́ kí òòlù tó dún. Lẹ́ẹ̀kan ló dún.

Mo bá wọn lọ. Dókítà fi òwú kàn án, ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ kàn án, ó mú igi tirẹ̀ láti inú àpótí rẹ̀, igi tí gbogbo rẹ̀ nípọn bákan náà, ó tò wọ́n sáàárín eyín ẹ̀gbọ́n mi. Díẹ̀ ló wọlé. Dókítà wo ìwé rẹ̀, ó wo ẹnu náà. "Ta ló ń dán an wò nílé?"

Káfíńtà dìde dúró bí ọmọ iléèwé. "Èmi ni. Irọ́ ni mo ń pa, sà."

Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ bú u. Kò bú u. Àárẹ̀ hàn lójú òun náà, àwọn aláìsàn kún ìta. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Màmá, ì bá dára ká ti mọ̀ ṣáájú. A ṣì lè gbìyànjú. Wọ́n á ṣí ibẹ̀, wọ́n á wá iṣan náà. Ó lè jí díẹ̀. Ó lè jí pẹ̀lú ìrora tó ń jó bí iná, èyí tó burú ju kí ètè kú bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì lè má jí rárá."

"Bó bá jí, ṣé màá lè di ìṣó mú?"

"Ìṣó?"

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí báàgì rẹ̀. Ìṣó wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, tó ti kó dání láti ilé láìsọ fún wa. Ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ dókítà. "Ahọ́n á yí orí rẹ̀ síta, ètè á gbà á lọ́wọ́ ahọ́n. Ètè gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹnu ìṣó kọ sí."

Dókítà fi ìka yí àwọn ìṣó náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mi ò ní purọ́ fún yín, màmá."

"Ẹ ṣeun. Irọ́ ti sú mi."

"Irú ìmọ̀lára wínníwínní bẹ́ẹ̀, bó bá tilẹ̀ jí, mi ò rò pé ó máa padà tó bẹ́ẹ̀."

A gbọ́ kẹ̀kẹ́ oògùn tí nọ́ọ̀sì ń tì kọjá níta. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìṣó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dá wọn padà sínú báàgì. Káfíńtà ní, "Jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́. Torí tèmi."

"Torí tiyín kẹ̀?" ẹ̀gbọ́n mi wí. Ohùn rẹ̀ kò le. "Torí tiyín ni mo fi ń gba òwú tí kò kàn mí láti ìgbà yìí. Dókítà, ó ti rẹ̀ mí. Ti oríkèé, kí lẹ lè ṣe sí i?"

Dókítà ní àwọn lè fi abẹ́rẹ́ gbé omi wọ inú rẹ̀, kí àwọn fọ̀ ọ́. Kò gba ọ̀bẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń rí ìtura.

"Ẹ bá mi fọ̀ ọ́, kí n lè ya ẹnu jẹun. Ti ètè, ẹ jẹ́ kó sùn."

Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, Káfíńtà rìn lẹ́yìn wa. Àwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìta ṣọ́ọ̀bù kí ẹ̀gbọ́n mi tó dúró dè é. Ó ní, "Ẹ ya ẹnu yín kí n rí i."

"Nítorí kí ni?"

"Àga gbọ̀ngàn ń dúró dè wá. Mo nílò ẹnu kan. Èyí tó purọ́ fún mi ló máa bá mi di ìṣó mú."

Káfíńtà rò pé ìyàwó òun ń ṣàwàdà. Ẹ̀gbọ́n mi kò ṣàwàdà. Lọ́jọ́ kejì ni Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Itọ́ ń dà sí i láṣọ. Ẹnu ìṣó ló ń yọ síta dípò orí rẹ̀, ó gún òòlù, ó gún un lẹ́nu. Ó gbé ọ̀kan mì, a fún un ní búrẹ́dì púpọ̀ jẹ, a sì ń ṣọ́ ọ. "Ẹ má bẹ̀rù," ni ẹ̀gbọ́n mi ń tù ú nínú, "ìṣó mọ ọ̀nà ìta. Irọ́ nìkan ni kì í mọ̀ ọ́n." Díẹ̀díẹ̀ ni ahọ́n rẹ̀ gbọ́n. Yóò kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, orí rẹ̀ níbi tí orí ẹ̀gbọ́n mi ì bá wà. Ẹ̀gbọ́n mi yóò fi ọwọ́ òsì fa aṣọ, yóò fi ọwọ́ ọ̀tún gbé òòlù kan ètè ọkọ rẹ̀, yóò gbé e lọ sí igi. Kò yá bí ti àtijọ́. Bí eékún bá ro Káfíńtà, wọ́n á sinmi. Bí èjìká bá ro ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á sinmi. Ahọ́n àti eyín, wọ́n ní, a máa jà; àwọn wọ̀nyí kò ní àyè ìjà, nítorí ẹni tí ìṣó kún ẹnu rẹ̀ kò lè fèsì.

Ọdún yẹn náà ni mo kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, lórí fóònù, lẹ́yìn tí Káfíńtà ti ṣíwájú wa lọ, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé bí òtútù bá mú, ó máa ń dà bí ẹni pé èèrà ń rìn lágbọ̀n òun. Mo bi í bóyá iṣan ló ń jí. Ó ní, "Bó bá ti jí báyìí, ta ló kù tó máa dán an wò?" Ó wá bi mí nípa ẹsẹ̀ mi tó ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán kan ló máa ń padà sí mi lọ́kàn jù, nígbà tí àga gbọ̀ngàn ń lọ sópin. Ọ̀gá gbọ̀ngàn náà wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kí wa, ó bi Káfíńtà ìgbà tí iṣẹ́ yóò parí. Káfíńtà wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ṣe "ùn-ùn," ó ń yí ojú.

"Ẹ má bi í, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Wọn ò gba ìyẹn láyè láti sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi mú abẹ́rẹ́, ó rán etí ìbòrí àga kan tán, ó tẹ orí, ó fi eyín já òwú náà bí ẹni pé ó ti ń já a láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Nígbà tó gbé orí sókè, ẹyọ òwú kan wà lágbọ̀n rẹ̀.

Káfíńtà rí i. Ó nawọ́, ó yọ ọ́ kúrò.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

Ìṣó kún ẹnu rẹ̀. Ó gbé òwú náà síwájú ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì mú un dúró síbẹ̀ títí obìnrin náà fi rí i dáadáa.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì tún gbé òòlù.